ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ MÀMÁ MARY McLEOD BETHUNE (1875–1955)
Ìyá Tí Ó Mú Àwọn Ọmọdébìnrin Jáde Kúrò Nínú Kíláàsì

Ó ti mọ́ wa lára pé nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, a máa ń sọ ìtàn ẹnì kan nínú àwọn tí wọ́n ti ṣáájú wa lọ, kí àwọn ọmọ wa lè rí àpẹẹrẹ rere tẹ̀lé. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa kálọ sí òkè òkun, sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí a jọ wo ìgbésí ayé obìnrin dúdú kan tí ó fi dọ́là kan àti ààbọ̀ péré dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdébìnrin sílẹ̀.

Ìdí tí a fi yan ìtàn yìí kò ṣòro. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, kíláàsì, pátákó àti ṣọ́ọ̀kì nìkan ni ọkàn wa ń lọ sí. Bí tíṣà bá ní òun fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde lọ wo ibì kan, àwa òbí a máa kùn pé owó ti fẹ́ ṣòfò nìyẹn. Màmá Bethune kò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Lójú tirẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò bá jáde lọ rí ayé, tí wọn kò sì ṣe aládùúgbò wọn lóore, kò tíì kọ́ ọmọ. Ẹ jókòó dáadáa, kí a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ 10 oṣù July, ọdún 1875, ni a bí Mary Jane McLeod ní ìtòsí ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Mayesville, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Samuel ni orúkọ bàbá rẹ̀, Patsy sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ọmọ 17 ni wọ́n bí, òun ni ó sì ṣe ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹrú ni bàbá àti ìyá rẹ̀ títí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi parí ní 1865, oko ẹrú ni a sì ti bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mary wà nínú àwọn tí a bí sínú òmìnira. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́: òmìnira tí kò ní ilẹ̀, tí kò ní owó, tí kò sì ní ìwé, ìdajì òmìnira ni. Ìyá rẹ̀ kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olówó rẹ̀ àtijọ́ títí wọ́n fi rówó ra ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n gbin òwú sí. Ibẹ̀ ni Mary ti ń já òwú láti kékeré pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ a tún máa fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó. Ní ọjọ́ kan, Mary tẹ̀lé ìyá lọ gbé aṣọ fún wọn. Ó rí ìwé kan nílẹ̀ nínú yàrá tí àwọn ọmọ onílé ti ń ṣeré, ó sì gbé e. Ọmọ òyìnbó kan pàṣẹ fún un kíá pé kí ó gbé ìwé náà kalẹ̀, nítorí kò mọ̀ ọ́n kà. Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ náà lára dé eegun. Ó sọ nígbà tó dàgbà pé ọjọ́ yẹn ni òun ti mọ̀ pé ìwé ni ohun tí ó pààlà sáàárín àwọn tí ń pàṣẹ àti àwọn tí a ń pàṣẹ fún. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pinnu pé, bí ó le, bí ó rọ̀, òun yóò mọ̀wé.

ILÉ-ÌWÉ TÓ JÌNNÀ NÍ MÁÌLÌ MÁRÙN-ÚN

Nígbà tí ìjọ Presbyterian ṣí ilé-ìwé fún àwọn ọmọ dúdú ní Mayesville, owó àti àyè tó wà nílé kò ju ti ọmọ kan ṣoṣo lọ. Mary ni wọ́n rán. Máìlì márùn-ún ni ó ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ, máìlì márùn-ún ni ó ń rìn bọ̀. Tíṣà rẹ̀, obìnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Emma Wilson, rí i pé ọmọ náà já fáfá. Ohun tí ó wù wá jù nínú apá ìtàn yìí ni pé bí Mary bá ti délé lálẹ́, yóò kó àwọn ará ilé rẹ̀ jọ, yóò sì kọ́ wọn ní ohun tí ó kọ́ lọ́sàn-án. Ẹ ò rí i pé kò tíì kúrò lọ́mọdé tí ó ti mọ̀ pé ìmọ̀ tí ẹnì kan bá rí, gbogbo ilé ni ó ni ín?

Tíṣà rẹ̀ ni ó bá a sọ̀rọ̀ tí ó fi rí ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ gbà. Obìnrin aránṣọ kan ní ìlú Denver, tí kò mọ̀ ọ́n rí, ni ó fi owó tí ó ń rí nídìí abẹ́rẹ́ sanwó ilé-ìwé rẹ̀. Báyìí ni Mary ṣe lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ń jẹ́ Scotia, ní Concord, ní North Carolina. Ó wà níbẹ̀ láti 1888 títí di 1894. Láti ibẹ̀ ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì Moody ní Chicago, nítorí ohun kan ṣoṣo ni ó wà lọ́kàn rẹ̀: ó fẹ́ wá ṣe míṣọ́nnárì ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín.

Nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́, ó kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ míṣọ́n. Ẹ gbọ́ èsì o! Wọ́n ní kò sí àyè fún míṣọ́nnárì dúdú ní Áfíríkà. Ọmọ tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Áfíríkà wá, wọ́n ní kò sí àyè fún un níbẹ̀. Ó sọ lẹ́yìn náà pé èyí ni ìjákulẹ̀ tó dun òun jù láyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó wòye pé àwọn ọmọ Áfíríkà pọ̀ ní Amẹ́ríkà, wọn kò mọ̀wé, wọn kò sì ní olùrànlọ́wọ́. Ibi tí a sé ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni Ọlọ́run ti ṣí fèrèsé fún un.

BÍ Ó ṢE DÉ DAYTONA

Ó ṣe tíṣà lábẹ́ Màmá Lucy Laney ní ìlú Augusta, ní Georgia. Ìyá yìí ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Haines sílẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Mary sì ti rí i pé obìnrin dúdú lè dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí ó sì dúró. Níbẹ̀ ni ó ti ń kó àwọn ọmọ òtòṣì àdúgbò jọ ní ọjọ́ ìsinmi, tí àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ náà sì ń bá a kọ́ wọn. Ní 1898 ó fẹ́ Albertus Bethune, wọ́n sì bí ọmọkùnrin kan, Albert, ní 1899. Ìgbéyàwó náà kò tòrò. Ọkọ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ rí, nígbà tó sì di 1907, ó padà sí ìlú rẹ̀. A kò fẹ́ fi èyí pamọ́, nítorí àwọn kan nínú wa rò pé ẹni tí Ọlọ́run bá ń lò kì í ní ẹ̀dùn ọkàn nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ń gbé ní Palatka, ní ìpínlẹ̀ Florida, ó ń kọ́ni, ó ń bẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n wò, ó sì ń ta ìwé adójútòfò kí ilé lè jẹun. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ pé ní Daytona, etí òkun, iṣẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ń lọ, ọ̀pọ̀ lébìrà dúdú sì ti kó ìyàwó àti ọmọ wọn wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn kàn ń rìn káàkiri ni, ìyà sì ń jẹ wọ́n. Ni Màmá bá di ẹrù rẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di Daytona.

DỌ́LÀ KAN ÀTI ÀÀBỌ̀

Ní ọjọ́ 3 oṣù October, ọdún 1904, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nínú ilé pákó kan tí ó háyà ní dọ́là 11 lóṣù. Dọ́là kan àti ààbọ̀ ni gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin márùn-ún ni akẹ́kọ̀ọ́, ọjọ́ orí wọn kò ju ọdún 6 sí 12 lọ. Ọmọkùnrin tirẹ̀ ni ó ṣe ìkẹfà. Àpótí pákó tí àwọn ọlọ́jà kó dànù ni wọ́n fi ṣe àga àti tábìlì. Igi tó ti jóná di èédú ni wọ́n fi ṣe pẹ́ńsù. Èso igbó kan tí omi rẹ̀ pọ́n dúdú ni wọ́n fún láti fi ṣe yíǹkì.

Màmá àti àwọn ọmọ a máa jáde lọ sí ààtàn ìlú àti ẹ̀yìn àwọn hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Wọ́n a ṣa àwo tó là, àga tó ti kán lẹ́sẹ̀, aṣọ àti pákó tí àwọn olówó ti kó dànù. Wọ́n a gbé e wálé, wọ́n a fi iyanrìn fọ̀ ọ́, wọ́n a tún un ṣe, yóò sì di ohun èlò. Bí a bá bi wá pé níbo ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́kọ́ rin ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ lọ, a ó dáhùn pé ààtàn ni. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan: pé ohun tí ayé bá kó dànù, bí a bá rí ẹni fọ̀ ọ́, yóò tún wúlò. Ọ̀rọ̀ àwo kọ́ ni o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ fúnra wọn ni.

Owó ilé-ìwé kò tó nǹkan, ẹni tí kò bá sì ní, wọn kì í lé e. Màmá ń din ẹja, ó ń ṣe páì ànàmọ́ àti áísìkiriìmù, ó sì ń tà á fún àwọn lébìrà ojú irin. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ọmọ ti pọ̀ ju ilé lọ. Ó wá lọ wo ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ ààtàn gidi, ibi tí àwọn ará ìlú ń da ìdọ̀tí sí, tí wọ́n sì ti sọ ní orúkọ burúkú tó jọ ti ọ̀run àpáàdì. Dọ́là márùn-ún tí ó rí nídìí páì àti áísìkiriìmù ni ó kọ́kọ́ san lórí ilẹ̀ náà. Ní 1907, ilé alájà mẹ́rin dúró lórí ààtàn yẹn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Gbọ̀ngàn Ìgbàgbọ́. Ẹ̀yin Aládùúrà, ẹ gbọ́ orúkọ ilé!

WỌ́N JÁDE LỌ SÍ ÀWỌN HÒTẸ́Ẹ̀LÌ

Nígbà òtútù, àwọn ọlọ́rọ̀ òyìnbó láti ìlà àríwá Amẹ́ríkà a máa wá gbafẹ́ ní etí òkun Daytona àti Ormond. Màmá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní orin, ó wọ aṣọ mímọ́ fún wọn, ó sì kó wọn lọ sí àwọn hòtẹ́ẹ̀lì náà. Wọ́n a kọ orin ẹ̀mí tí àwọn baba wọn kọ nínú oko ẹrú. Lẹ́yìn orin, Màmá a dìde sọ̀rọ̀ nípa ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n a sì gbé igbá owó.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó dáadáa. Ọmọ lébìrà, tí kò tíì rí àtẹ̀gùn mábùù rí, dúró níwájú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ńláńlá, ó kọrin, ojú kò tì í. Àwọn àgbà wa ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dunni nínú ọ̀rọ̀ yìí: hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kọrin, wọn kò lè sùn níbẹ̀. Etí òkun tí ó wà nítòsí wọn, òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò gbà kí àwọn dúdú lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Màmá kò gbàgbé èyí. Ní àwọn ọdún 1940, òun àti àwọn oníṣòwò dúdú kan parapọ̀ ra ilẹ̀ etí òkun sí gúúsù Daytona, kí àwọn ènìyàn wọn náà lè kó ọmọ wọn lọ wo òkun láìsí ẹni tí yóò lé wọn. Wọ́n ń pè é ní Etí Òkun Bethune títí di òní.

Ìrìn àjò hòtẹ́ẹ̀lì yìí so èso. James Gamble, ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ Procter & Gamble, wá wo ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ohun tí ó rí kò pọ̀, àpótí pákó àti àwọn ọmọ kéékèèké ni. Ó bi Màmá léèrè ilé-ẹ̀kọ́ tó ní kí òun wá ṣe alábòójútó rẹ̀. Màmá dá a lóhùn pé inú ọkàn òun ni ó ṣì wà. Ọkùnrin náà gbà, ó sì di alága àwọn alábòójútó. Thomas White, tó ni ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, wá lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ fi ń ránṣọ ti gbó, ògiri kò sì ní pílásítà. Ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun, ó sì ṣe ìrànwọ́ púpọ̀ títí ó fi kú.

WỌ́N JÁDE LỌ SÍ ÀGỌ́ ÀWỌN TÁLÁKÀ

Ohun tí ó fi Màmá hàn ní ẹni Ọlọ́run ni pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó ń kó wọn lọ. Nínú igbó tó yí Daytona ká, àwọn àgọ́ kan wà níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ dúdú ti ń gba oje igi páìnì tí wọ́n fi ń ṣe tọpẹntáìnì. Ìgbé ayé wọn burú. Gbèsè ni wọ́n fi so ọ̀pọ̀ wọn mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ wọn kò sì rí ilé-ìwé lọ. Màmá dá ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n sílẹ̀ fún wọn ní àgọ́ Tomoka, àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ń lọ síbẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìwé, ìmọ́tótó àti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ọmọbìnrin tó kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì lánàá, ó lè ba ara rẹ̀ ní àgọ́ lọ́la, níbi tó ti ń fi lẹ́tà A han ọmọ tí kò ní bàtà. Báyìí ni kò fi ráyè gbéra ga.

Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi, ìpàdé gbogbo àdúgbò wà nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ a kọrin, wọ́n a ka àkọ́sórí, àlejò a sọ̀rọ̀. Òfin àti àṣà ìgbà náà ni pé dúdú àti funfun kò gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀. Ní ọgbà Màmá, ibi tí o bá bá àga ni ìwọ ó jókòó. Kò pariwo, kò kọ ìwé ìròyìn, ó kàn to àga rẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Oko náà wà. Àwọn ọmọ ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ta ìyókù. Ó kọ́ wọn ní oúnjẹ síse, aṣọ rírán àti ìtọ́jú ilé. Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé dúdú nígbà náà. Booker T. Washington ní iṣẹ́ ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ fún ọmọ dúdú. W. E. B. Du Bois ní ìwé gíga ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ó máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ títí láé. Màmá Bethune ní tirẹ̀ kò fẹ́ yan ọ̀kan kí ó fi ìkejì sílẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ kan orí, kí ó kan ọwọ́, kí ó sì kan ọkàn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkòkò àti abẹ́rẹ́, nígbà tó yá ó fi ilé-ìwé gíga kún un, lẹ́yìn náà ẹ̀kọ́ tíṣà àti ti nọ́ọ̀sì.

ILÉ ÌWÒSÀN TÍ INÚ RÍRUN Ọ̀KAN FÀ

Ní ọjọ́ kan, inú ń run ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà gidigidi. Àìsàn apẹ́ńdísáítìsì ni, tó fẹ́ iṣẹ́ abẹ kíákíá. Màmá bẹ ilé ìwòsàn àwọn òyìnbó kí wọ́n gbà á, wọ́n sì gbà á. Nígbà tí ó lọ wò ó, ẹ̀yìnkùlé, ní ìtòsí ilé ìdáná, ni ó ti bá ọmọ náà níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó dùn ún wọra. Kò jà, ṣùgbọ́n ó ṣe ìpinnu. Ní 1911, ó ṣí ilé ìwòsàn McLeod, tí ó fi orúkọ ìdílé tó bí i sọ. Bẹ́ẹ̀dì méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú àwọn aláìsàn àdúgbò. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn fulúù tó pa aráyé lọ́pọ̀ jà ní 1918, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn dúdú ìlú náà sá wá. Fún ọdún púpọ̀ ni ilé ìwòsàn yìí fi ń ṣiṣẹ́ kí ìjọba ìlú tó gba iṣẹ́ náà ní 1927.

ALẸ́ TÍ ÀWỌN AGBÓJÚBOJÚ DÉ

Ní 1920, òfin Amẹ́ríkà gbà kí obìnrin dìbò. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù, wọ́n ní kí àwọn dúdú san owó orí ìbò, wọ́n sì ń dán wọn wò bóyá wọ́n mọ̀wé. Ni Màmá bá ṣí kíláàsì alẹ́ fún àwọn àgbà, ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, ó sì ń wá owó orí náà káàkiri. Ó di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò kan. Àwọn ẹgbẹ́ Ku Klux Klan wọ́ wá sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀ o, wọ́n fi bo orí bo ojú. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun tiwọn kì í ṣe ti ìwà mímọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti dẹ́rù bani, láti jó ilé, àti láti pa ènìyàn.

Ilé kún fún ọmọbìnrin lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní ọmọ nílé-ìwé, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ bí ọkàn yín ì bá ti rí. Màmá kò sá. Ó jáde, ó dúró níwájú wọn. Àwọn ọmọ náà sì gbé orin ìgbàgbọ́ sókè. Àwọn agbójúbojú náà wò títí, wọ́n sì yí padà lọ láìfọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lọ dìbò. Àwọn ọmọ tí a ti kó jáde lọ síwájú ọlọ́rọ̀, síwájú òtòṣì àti sẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, kò yà wá lẹ́nu pé ohùn wọn kò gbọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

IṢẸ́ RẸ̀ GBÒÒRÒ

Ní 1923, ilé-ẹ̀kọ́ Màmá dara pọ̀ mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọkùnrin dúdú kan tí ń jẹ́ Cookman, láti Jacksonville. Ó wá di kọ́lẹ́ẹ̀jì Bethune-Cookman, Màmá sì ni olórí rẹ̀ títí di 1942, ó tún padà ṣe é láti 1946 sí 1947. Ní 2007 ni ó di yunifásítì. Ṣé ẹ rántí pé ọmọ márùn-ún ni?

Òkìkí rẹ̀ kàn dé Washington. Ní 1935 ó dá Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ Àwọn Obìnrin Dúdú Amẹ́ríkà sílẹ̀. Láti 1936, Ààrẹ Franklin Roosevelt fi í sí ìdí iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn ọ̀dọ́, níbi tí ó ti rí i pé àwọn ọ̀dọ́ dúdú rí iṣẹ́ àti owó ilé-ìwé gbà. Òun àti ìyàwó Ààrẹ, Eleanor Roosevelt, di ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ní 1945 ó wà ní San Francisco nígbà tí wọ́n ń kọ ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé.

Áfíríkà tí wọ́n ní kò sí àyè fún un ńkọ́? Ní 1952, nígbà tí wọ́n ń búra fún Ààrẹ Tubman ti Liberia lẹ́ẹ̀kejì, ìjọba Amẹ́ríkà rán Màmá Bethune pé kí ó lọ ṣojú àwọn. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀ Áfíríkà nígbẹ̀yìn, kì í ṣe bí ẹni tí míṣọ́n gbà tàbí kọ̀, bí aṣojú orílẹ̀-èdè ńlá ni. Ọlọ́run kì í jẹ gbèsè o!

IKÚ RẸ̀ ÀTI OGÚN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ní ọjọ́ 18 oṣù May, ọdún 1955, Màmá Bethune sùn nínú Olúwa nílé rẹ̀ ní Daytona. Ẹni ọdún 79 ni. Inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Kí ó tó kú, ó kọ ìwé ogún kan. Owó àti ilé kọ́ ni ó pín nínú rẹ̀. Ìfẹ́, ìrètí, ìgbàgbọ́, ìfẹ́ ẹ̀kọ́ àti ojúṣe sí àwọn ọ̀dọ́ ni ó fi sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní 1974, wọ́n gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní ọgbà Lincoln ní Washington, tòun ti ọmọdé méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 2022, wọ́n gbé ère mábùù rẹ̀ wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ní orúkọ ìpínlẹ̀ Florida. Òun ni ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ìpínlẹ̀ kankan yàn sínú àkójọ ère àwọn ìpínlẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ Ó KÀN WÁ

Ẹ̀yin olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òdodo. Lọ́dọọdún ni a ń kó àwọn ọmọ wa jáde. A ó háyà bọ́ọ̀sì, a ó ran aṣọ ẹgbẹ́, a ó se ìrẹsì, a ó ya fótò, a ó sì padà wálé. A kò sọ pé kí ọmọ má jẹun, kí ó má sì ṣeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá délé, kí ni wọ́n rí? Ta ni wọ́n ràn lọ́wọ́? Ó yẹ kí bọ́ọ̀sì wa náà máa yà sí ilé ìwòsàn, kí àwọn ọmọ kọrin fún aláìsàn. Ó yẹ kí ó yà sí ilé àwọn arúgbó, kí wọ́n gbálẹ̀ kí wọ́n sì pọnmi. Ó yẹ kí ó yà sí ilé iṣẹ́, ibi ìkàwé àti ilé ìgbìmọ̀, kí ọmọ tálákà wa lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ibẹ̀ kò ju òun náà lọ.

Owó kọ́ ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Dọ́là kan àti ààbọ̀ ni Màmá Bethune fi bẹ̀rẹ̀, ààtàn sì ni ìrìn-àjò àkọ́kọ́. Ẹ̀yin ọmọdébìnrin wa tí ẹ ó ka ìwé ìrántí yìí, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé kí ẹ gbé ìwé kalẹ̀, ẹ má gbé e kalẹ̀ o. Ẹ kà á, kí ẹ sì kọ́ ẹlòmíràn.

Kí Olúwa jẹ́ kí a rí irú ìyá bẹ́ẹ̀ láàárín wa, kí ó sì fún wa ní ọkàn láti ràn wọ́n lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Àṣèyí ṣàmọ́dún o, lágbára Ọlọ́run. Àmín.